65,536: Kí Ló Dé Tí 3 Kò Lè Pín Nọ́ńbà Yìí?

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀ ló fi ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ bá 65,536 pàdé nínú iṣẹ́ àmúrelé. Wọ́n fi 3, 5 àti 7 pín in, ó ń ṣẹ́ kù ṣáá.

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba ni?

Ìdáhùn: Ó wà, mà. 17 ni wọ́n: 1, 2, 4, 8, 16, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí òun fúnra rẹ̀. Ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún, 65,536 lẹ máa bá níbẹ̀. 2 nìkan la fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí 3 àti 5 kò fi ráyè wọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó bá nǹkan kan tan nílé wa níbí?

Ìdáhùn: Ó bá Ifá tan dáadáa. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè, ó sì lè dojú bolẹ̀. Ojú kan, ọ̀nà 2. Ojú méjì, 4. Ojú mẹ́ta, 8. Ojú mẹ́rin, 16. Apá kan ṣoṣo nìyẹn. Apá méjèèjì pọ̀ di 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256: ojú odù 16 àti àmúlù 240. Bí babaláwo bá wá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí a kọ odù àkọ́kọ́ àti èkejì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ọ̀nà tó lè gbà jáde jẹ́ 256 lọ́nà 256. 65,536 gẹ́lẹ́! Odù ṣì jẹ́ 256 o, bí méjì ṣe lè tẹ̀ léra la kà.

Ìbéèrè: Bí a bá yọ 1 ńkọ́, tàbí tí a fi 1 kún un?

Ìdáhùn: Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ yọ 1, ó di 65,535, ìyẹn 3 × 5 × 17 × 257. Ẹ fi 1 kún un, ó di 65,537, kò sì sí ohun tó lè pín in mọ́ àfi 1 àti ara rẹ̀. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, rò ní nǹkan bí ọdún 1640 pé bí a bá mú 2, 4, 16, 256, 65,536, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ (2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16), tí a fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn tó bá jáde, 3, 5, 17, 257, 65,537 àti àwọn tó kù, kò ní ṣeé pín. Lọ́dún 1732, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, Leonhard Euler, fi hàn pé 641 pín èyí tó tẹ̀ lé e, 4,294,967,297. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì rí òmíràn nínú ọ̀wọ́ yìí tí kò ṣeé pín lẹ́yìn 65,537.

Ìbéèrè: Kí ni ọmọ mi tún lè fi dánra wò?

Ìdáhùn: Kó ro gbogbo nọ́ńbà 17 yẹn pọ̀. 131,071 ni yóò rí, òun náà kò sì ṣeé pín. Kó wá fi 1 kún ìyẹn: ìlọ́po méjì 65,536 ni. Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún 256. Àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 511, 7 sì pín in.