Ìjọba ní àwọn ti gba àbọ̀ ìwádìí: kí ni wọ́n gbà gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí bá ti gbé àbọ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀ ti jẹ̀bi, gbogbo àbá ibẹ̀ sì ti di àṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbìmọ̀ kì í ṣe ilé ẹjọ́ ọ̀daràn. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà, àfi kí wọ́n pè é lẹ́jọ́, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rí kalẹ̀ níwájú adájọ́.

Èsì ìjọba ni ìwé tí wọ́n ń pè ní White Paper. Ẹ wo ti Èkó lórí EndSARS, ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe tako ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2021 ni ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi jábọ̀. Oṣù yẹn ò tíì tán tí White Paper fi jáde. Àbá 32 ló wà ńbẹ̀. Ìjọba gba 11, ó gba 6 pẹ̀lú àtúnṣe, ó kọ 1. Ó ní 14 tó kù kọjá agbára ìpínlẹ̀, òun yóò fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ìjọba á ní ẹyọ kan péré ni wọ́n kọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ 14 yẹn ńkọ́? Alátakò náà á ní wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ 11 kì í ṣe òfo.

Ibi tí ìjà ti le jù kò tilẹ̀ sí nínú iye yìí. Ohun tí ìgbìmọ̀ rí yàtọ̀ sí ohun tó ní kí wọ́n ṣe, ìjọba sì lè gba àbá kó tako ohun tí wọ́n rí. White Paper yẹn kò gba ohun tí ìgbìmọ̀ rí, pé ìbọn pa èèyàn 9 níbi ìwọ́de náà ní Lekki. Ó ní ìméfò lásán ni, ó sì fi ẹ̀rí dókítà tó yẹ òkú wò gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn tó bá ka iye àbá nìkan kò ní rí èyí, òun sì ló kan ẹbí olóògbé jù.

Gbígbà tún yàtọ̀ sí ṣíṣe. Oṣù Kẹrin 2012 ni ìgbìmọ̀ Oronsaye jábọ̀ lórí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Oṣù Kejì 2024 ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "a gbà á", ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí kò bá sí méjèèjì, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣòfin yín, àbá kan lẹ́yìn èkejì.