Àwọn Lẹ́tà tí Wọ́n Kọ sí Ààrẹ James Madison nígbà tí Ogun 1812 ń Bọ̀

James Madison ni Ààrẹ kẹrin Amẹ́ríkà, láti 1809 títí di 1817. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1812 ló buwọ́ lu ìwé tó fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ sógun pẹ̀lú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà ti ń rọ́ dé bá a fún oṣù bíi mélòó kan kí ọjọ́ náà tó pé. Gómìnà kọ, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ, ikọ̀ ìjọba tó wà ní Paris àti London kọ, ọ̀rẹ́ àtijọ́ kọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò rí Ààrẹ sójú rí náà mú gègé. Lára ìwé wọ̀nyí lèèyàn ti máa rí i kedere pé ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà kò ṣọ̀kan lórí ogun náà rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Láti 1803 ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti wọ̀yá ìjà, ọkọ̀ òwò Amẹ́ríkà sì há sáàárín àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà dúró lójú òkun, wọn a to àwọn atukọ̀ sórí ìlà, ẹni tí wọ́n bá ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn a fi tipá mú un lọ síbi iṣẹ́ ológun ojú omi tiwọn. Ìjọba Amẹ́ríkà ka iye tí wọ́n mú bẹ́ẹ̀ ju 6,000 lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1807, ọkọ̀ ogun Leopard yìnbọn lu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Chesapeake nítòsí etíkun Virginia. Èèyàn 3 kú lójú ẹsẹ̀, 18 fara gbọgbẹ́, wọ́n sì mú atukọ̀ 4 lọ.

Thomas Jefferson ló wà lórí àga nígbà náà. Dípò kó jagun, ó gbé òfin kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1807 pé kí ọkọ̀ òwò kankan má ṣe kúrò ní èbúté Amẹ́ríkà lọ sí òkè òkun. Òfin yìí jẹ ará ilé níyà ju ọ̀tá lọ. Ọjà tí Amẹ́ríkà ń kó jáde já wálẹ̀ láti dọ́là mílíọ̀nù 108 ní 1807 sí mílíọ̀nù 22 ní 1808. Èébú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún Ààrẹ. Ará Boston kan kọ̀wé sí Jefferson ní oṣù Kẹjọ ọdún 1808, ó pè é ní ìkà burúkú, ó sì bi í pé títí di ìgbà wo ni yóò máa fi ebi pa àwọn tálákà. Ẹlòmíì tí kò fi orúkọ sí tirẹ̀ sọ pé òun ti bá àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́rin ṣàdéhùn dọ́là 400 kí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ bí òfin náà kò bá kúrò nílẹ̀ di ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá. Jefferson kò ya ìwé bẹ́ẹ̀. Ó tọ́jú wọn. Wọ́n fagi lé òfin náà ní oṣù Kẹta ọdún 1809, ọjọ́ díẹ̀ kí Madison tó gorí àga, ṣùgbọ́n ìjà tó bí i kò tíì parí.

Wọn kì í sábà lo àpòòwé láyé ìgbà náà. Wọ́n á ká bébà náà mọ́ra wọn, wọ́n á fi ìda lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ẹ̀yìn. Ẹni tó gba lẹ́tà ló sábà máa ń san owó rẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin yọ Ààrẹ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀ ń wọlé. Tálákà kò nílò ju bébà àti yíǹkì lọ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé ilé Ààrẹ. Akọ̀wé Madison ni Edward Coles, ìbátan ìyàwó rẹ̀. Ó tọ́ ká dárúkọ Coles, nítorí pé ní 1819 ó kó àwọn ẹrú tó jogún lọ sí Illinois, ó sì dá wọn sílẹ̀. Madison ọ̀gá rẹ̀, tí ìwé gbogbo ń dé bá, kú pẹ̀lú ẹrú nílé.

Ní ìgbà òtútù 1811 sí 1812, ilé aṣòfin Kentucky, Pennsylvania àti Virginia fi ìpinnu ránṣẹ́ pé àwọn wà lẹ́yìn ìjọba bó bá di ogun. Nígbà tí òfin oṣù Kìíní ọdún 1812 sì ní kí wọ́n gba ọmọ ogun 25,000 kún àwọn tó wà nílẹ̀, àwọn tó ń wá ipò ọ̀gá ológun fi ìwé bo Ààrẹ. Bàbá ń sọ ìwà rere ọmọ rẹ̀, ẹni tó jagun òmìnira ń rán ìjọba létí iṣẹ́ tó ti ṣe.

Ìwé tó da ìlú rú jù kì í tiẹ̀ ṣe èyí tí wọ́n kọ sí Madison, rírà ló rà á. Ọmọ Ireland kan tó ń jẹ́ John Henry ti ṣe amí ní New England, àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ní 1808 àti 1809 fún James Craig, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Canada. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wádìí bóyá àwọn Federalist, ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́ ogun, ṣe tán láti ya kúrò lára Amẹ́ríkà. Nígbà tó rí i pé owó tó ń retí lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò jáde, ó gbé ẹ̀dà àwọn lẹ́tà rẹ̀ wá sí Washington, pẹ̀lú ìwé àfihàn láti ọwọ́ Elbridge Gerry, gómìnà Massachusetts. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́lá Crillon láti Faransé ló bá a dúnàá dúrà. Ìjọba san dọ́là 50,000, ìyẹn gbogbo owó tó wà fún iṣẹ́ àṣírí, Madison sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1812. Wọ́n tú u wò títí, orúkọ ọ̀dàlẹ̀ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà kò sí nínú rẹ̀. Ayédèrú ni Crillon náà. Ilẹ̀ tó tà fún Henry ní Faransé, tó fi gba nínú owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí níbì kankan. Àwọn Federalist bínú gidigidi, wọ́n ní owó ìlú ni wọ́n fi ra ẹ̀gàn fún àwọn.

Ní oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ Hornet dé láti Yúróòpù pẹ̀lú ìwé àwọn ikọ̀ ìjọba. Joel Barlow, ikọ̀ Amẹ́ríkà ní Paris, kò tíì rí àdéhùn kankan gbà lọ́wọ́ ìjọba Napoleon, olórí Faransé, ìròyìn London kò sì fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì máa yí padà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni Madison kọ̀wé sí ilé aṣòfin, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ilé aṣòfin kékeré dìbò 79 sí 49, ti àgbà dìbò 19 sí 13. Àmọ́ nǹkan ti ń yí padà ní London. Wọ́n ti yìnbọn pa olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Spencer Perceval, ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ìjọba tó tẹ̀lé e sì kéde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà pé àwọn yóò dá àṣẹ tó ń dí òwò Amẹ́ríkà lọ́wọ́ dúró. Ìròyìn yẹn ṣì wà lórí òkun nígbà tí Madison ń buwọ́ lùwé ogun, torí ọkọ̀ a máa lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó sọdá. Ìdí pàtàkì kan tí wọ́n fi fẹ́ jagun ti ń kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní Washington mọ̀.

Jefferson, tó ti fẹ̀yìn tì sí Monticello, ilé rẹ̀ ní Virginia, kọ tirẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà. Ó ní inú àwọn èèyàn àdúgbò òun dùn sí ogun, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń rojọ́ ni pé ó pẹ́ jù. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba Canada, kí wọ́n sì wá ọjà fún irè oko àwọn àgbẹ̀. Nípa àwọn tí kò fẹ́ ogun, ó ní àgbá ọ̀dà kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní gúúsù odò Potomac tó láti mú wọn jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀dà gbígbóná ni wọ́n máa ń dà síni lára nígbà náà, wọ́n á sì da ìyẹ́ lé e. Fún àwọn ará àríwá, ó dárúkọ okùn tí wọ́n fi ń yẹgi fún èèyàn àti gbígba dúkìá. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn ló kọ èyí náà, ó sì yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Àwọn ará àríwá kò dákẹ́ ṣá o. Ní oṣù Kẹjọ, ìpàdé àwọn ará Rockingham ní New Hampshire fi ìwé gígùn ránṣẹ́ sí Madison pé ogun náà kò bójú mu. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan, Daniel Webster, ló kọ ọ́.

Lẹ́yìn ikú Madison ní 1836, ìyàwó rẹ̀ Dolley ta ìwé rẹ̀ fún ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, dọ́là 30,000 ní 1837 àti 25,000 ní 1848. Ilé Ìkàwé Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú wọn. Láti 2013, ojúlé Founders Online ti gbé ọ̀pọ̀ lẹ́tà wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ti àgbá ọ̀dà yẹn, láìgba kọ́bọ̀.