Ètò Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Fulbright

Fulbright ni ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti olùwádìí láti ilẹ̀ mìíràn sí yunifásítì rẹ̀, tó sì fi ń rán àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sókè òkun. Orílẹ̀-èdè tó ń kópa níbẹ̀ lé ní 160.

Ìbẹ̀rẹ̀

J. William Fulbright, sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ Arkansas, tí òun náà ti jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Rhodes ní Oxford, ló dá àbá rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ẹrù ológun Amẹ́ríkà ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ sókè òkun, àwọn tó sì fẹ́ rà á kò ní dọ́là. Òfin tí Ààrẹ Truman bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1946 fàyè gbà wọ́n láti fi owó ilẹ̀ wọn san án, kí Amẹ́ríkà sì fi owó náà rán ènìyàn lọ kàwé. Òfin Fulbright-Hays ti 1961 fẹ ètò náà lójú sí i.

Yíyàn

Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 tí ààrẹ Amẹ́ríkà ń yàn ló ń fọwọ́ sí orúkọ nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Kẹfà 2025, 11 nínú wọn kọ̀wé fipò sílẹ̀, wọ́n ní ìjọba ń fagi lé àwọn tí àwọn ti yàn. Físà J-1, ìyẹn físà pàṣípààrọ̀, ni àwọn tí wọ́n mú láti ilẹ̀ mìíràn ń lò, èyí tó ní kí ẹni náà padà lo ọdún méjì nílé kó tó lè gba físà iṣẹ́ H tàbí ìwé ìgbélùú.

Olùkọ́ èdè

Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní FLTA (Foreign Language Teaching Assistant), níbi tí olùkọ́ láti ilẹ̀ mìíràn ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà ní èdè rẹ̀, ló kan èdè Yorùbá jù lọ. Ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 21 sí 29 ni wọ́n sábà máa ń mú, fún sáà ẹ̀kọ́ kan, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Kò sí dìgírì níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ jókòó sí kíláàsì, kó sì kọ́ nípa Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ kọjá gírámà: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé tó ní "Báwo ni?" sí olùkọ́, òun ni yóò fi hàn án pé "Ẹ káàárọ̀ mà" ló tọ́, tòun ti ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí ètò náà gbà kan Yorùbá tún wà. Owó Fulbright-Hays ti gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà wá kọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀.