Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Fífi Ẹ̀rọ Ṣọ́ Òkè Tó Fẹ́ Ya

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1963, apá ńlá kan lára òkè Monte Toc ní àríwá ilẹ̀ Ítálì ya lulẹ̀ sínú adágún tí dáàmù Vajont sé. Ohun tó ya náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì. Omi fò kọjá lórí dáàmù, ó gbá ìlú Longarone lọ, nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló sì kú, bẹ́ẹ̀ dáàmù fúnra rẹ̀ kò wó.

Òkè yìí kì í ṣe òkè tí wọn kò ṣọ́. Láti ọdún 1960 ni ilẹ̀ ti là lórí rẹ̀, tí ojú ibi tó là sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì. Àwọn ẹnjiníà ti ri àmì mọ́ ara òkè, wọ́n ń wọn bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò láti mọ bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe ga tó. Wọ́n ṣàkíyèsí pé òkè a máa yára rìn bí omi adágún bá ga, a sì máa rọra bí omi bá lọ sílẹ̀, wọ́n wá gbà pé àwọn lè fi omi darí rẹ̀. Nígbà tí ìrìn òkè náà fi máa tó 20 sẹ̀ǹtímítà lóòjọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé orí òkè náà gan-an kúrò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún àwọn ará Longarone tó wà nísàlẹ̀ dáàmù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn ìkìlọ̀ òde òní ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìwọ̀n wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀nà tí wọn ìbá gbà sọ ọ́ di àṣẹ ni kò sí.

Àwọn ẹ̀rọ náà ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Karl Terzaghi, ẹnjiníà tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀, ló ti ṣàlàyé láti àwọn ọdún 1920 pé omi tó wà láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀ a máa bá wọn gbé lára ẹrù tó wà lórí wọn, àti pé bí òjò bá ti mú kí ipá omi náà pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí àwọn hóró náà fi ń di ara wọn mú á máa dín kù. Ìdí nìyẹn tí wíwọn ipá omi abẹ́ ilẹ̀ fi di pàtàkì. Ní ọdún 1952, ní Yunifásítì Harvard, Stanley Wilson ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní inclinometer. Wọ́n á gbẹ́ ihò tóóró kọjá nínú ilẹ̀ tó ń rìn títí dé ìpele tí kì í mira, wọ́n á ki páìpù bọ̀ ọ́, wọ́n á sì sọ irin gígùn kan tó ní táyà kéékèèké kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa irin náà bọ̀ lókè ni wọ́n á máa ka bó ṣe tẹ̀ sí, ní ìdajì mítà sí ìdajì mítà. Bí wọ́n bá padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí wọ́n rí i pé páìpù ti wọ́ ní mítà 14 sínú ilẹ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà lókè ti ń yọ̀ lórí èyí tó wà nísàlẹ̀.

Jàpáànì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe lè fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí òkè máa ya. Michitaka Saito, tó ń ṣèwádìí fún ilé-iṣẹ́ reluwé, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1965 tó fi hàn pé bí ilẹ̀ ṣe ń yára tó ní í ṣe pẹ̀lú iye àkókò tó kù kó tó já. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, ó fi ìlànà yìí sọ ìgbà tí òkè Takabayama, tó wà lójú ọ̀nà reluwé, máa ya, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ òótọ́ gan-an. Olùwádìí míì tó ń jẹ́ Fukuzono mú un rọrùn sí i ní ọdún 1985. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilẹ̀ kan rin sẹ̀ǹtímítà méjì lónìí, tó rin mẹ́ta lọ́la, tó sì rin mẹ́fà lọ́túnla. Bí a bá fi iye kọ̀ọ̀kan pín 1, ohun tá a máa rí ni ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta, àti ìdá kan nínú mẹ́fà. Ibi tí ìlà tó so wọ́n pọ̀ bá ti ń forí lé òdo ni ọjọ́ ewu wà. Títí dòní olónìí, ìlà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ òkè ń tẹjú mọ́.

Ọ̀nà míì gba ibòmíràn wá, torí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nínú ìlú ńlá máa ń pọ̀ ju ohun tá a lè ri ẹ̀rọ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1972, òjò ńlá mú kí ilẹ̀ ya ní Sau Mau Ping àti Po Shan Road ní Hong Kong, ènìyàn 138 sì kú ní ibi méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ tún ya ní Sau Mau Ping ní ọdún 1976, ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní ọdún 1977 láti máa bójú tó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìkìlọ̀ fún gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ìwọ̀n òjò ni ìkìlọ̀ yìí dá lé. Kò lè sọ òkè wo ló máa ya, àmọ́ ó lè sọ pé àkókò ti tó láti sọ́ra.

Lẹ́yìn náà ni sátẹ́láìtì, rédà, àti àwọn sẹ́ńsọ̀ kéékèèké tí kò nílò wáyà dé. Rédà ló jẹ́ kí wọ́n lè wo gbogbo ojú òkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gùn ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ibi ìwakùsà Bingham Canyon ní Amẹ́ríkà ya lulẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò farapa, torí pé ẹ̀rọ ti sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò.

Ìṣòro tó kù ni ti àwọn tí ìkìlọ̀ ń dé bá. Ní òkè Veslemannen ní Nọ́wè, ìgbà 16 ni wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò nílé láti ọdún 2014 sí 2019. Ó tiẹ̀ tó àsìkò kan tí wọ́n ń da omi sí òkè náà lórí kó lè tètè ya, àmọ́ kò ya. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ló tó wó. Ní abúlé Brienz ní Switzerland, wọ́n kó gbogbo ará abúlé kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, òkúta ya lóru, ó sì dúró ní bèbè abúlé. Wọ́n padà sílé ní oṣù keje, àmọ́ nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn ìwọ̀n tún ti gòkè, wọ́n sì tún kó wọn jáde.