Sáà 2023–24 ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Atalanta

Sáà 2023–24 ni sáà tí Atalanta, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Bergamo ní àríwá Ítálì, gba ife Europa League, ife ilẹ̀ Yúróòpù àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wọn tẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1907. Nínú Serie A, líìgì àgbà ilẹ̀ Ítálì, ipò kẹrin ni wọ́n wà pẹ̀lú àmì 69. Nínú Coppa Italia, ìdíje ife ilẹ̀ Ítálì, wọ́n rìn dé àṣekágbá kí Juventus tó fi góòlù kan ṣoṣo dá wọn dúró. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 56 ni wọ́n gbá lápapọ̀, láti 20 oṣù Ògún 2023 títí di 2 oṣù Òkúdu 2024. Gian Piero Gasperini, tó ti ń tukọ̀ ẹgbẹ́ náà láti 2016, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀

Bergamo kì í ṣe ìlú ńlá. Nǹkan bí 120,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, ìlú Milan tó ní ẹgbẹ́ alágbára méjì kò sì ju bíi kìlómítà 50 sí i. Kí sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀, ife ńlá kan ṣoṣo ni Atalanta ní nílé: Coppa Italia ti 1963, nígbà tí Angelo Domenghini dá nìkan gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi na Torino 3–1 ní Milan. Wọ́n tún dé àṣekágbá ife yẹn ní 1987, 1996, 2019 àti 2021, ọwọ́ òfo ni wọ́n sì ń bá padà sílé nígbà gbogbo. Méjì tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú Gasperini. Ó ti sọ Atalanta di ẹgbẹ́ tí gbogbo Yúróòpù ń bẹ̀rù, síbẹ̀ kò tíì gba ife ńlá kankan rí gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti ń lọ sí 66.

Ipò karùn-ún tí wọ́n wà ní sáà 2022–23 ló mú wọn wọ Europa League. Nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ta Rasmus Højlund, ọ̀dọ́mọkùnrin atamátàsé ará Denmark, fún Manchester United ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 70 yúrò. Owó yẹn ni wọ́n fi tún ilé tò. Gianluca Scamacca ti West Ham wá, wọ́n yá Charles De Ketelaere lọ́wọ́ AC Milan, Sead Kolašinac ti Marseille wá láìsan owó, wọ́n sì ra El Bilal Touré, ọmọ Málì, lọ́wọ́ Almería. Touré fara pa kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, oṣù púpọ̀ ló sì fi wà nílé ìtọ́jú. Marco Carnesecchi padà láti Cremonese láti wá máa ṣọ́lé. Duván Zapata, tó ti gbá góòlù fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ sí Torino. Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, wọ́n mú adènà Isak Hien láti Hellas Verona, ìgbésẹ̀ tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, àmọ́ tó wúlò gidigidi nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀.

Ademola Lookman ti wà níbẹ̀ ní tirẹ̀ láti 2022. Wandsworth ní London ni wọ́n ti bí i ní 1997, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Charlton Athletic ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ England gba ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ 20 ọdún lọ ní 2017, kó tó yan Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù fún. Everton, Leipzig, Fulham, Leicester: ó kọjá ní gbogbo ilé wọ̀nyí láìfìdí kalẹ̀. Bergamo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múlẹ̀.

Serie A

Ìbẹ̀rẹ̀ líìgì dà bí ojú ọjọ́ tí kò dúró síbì kan. Wọ́n na Sassuolo 2–0 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, De Ketelaere sì gbá góòlù lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Frosinone nà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Fiorentina àti Lazio fi 3–2 ṣẹ́gun wọn, Inter àti Napoli wá sí Bergamo, àwọn méjèèjì sì lọ pẹ̀lú 2–1. Nígbà tí Torino fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ 3–0 ní oṣù Ọ̀pẹ, àwọn kan ti ń rò pé sáà náà ti bàjẹ́.

Ní 9 oṣù Ọ̀pẹ ni AC Milan wá. Lookman gbá góòlù méjì, Milan sì dá méjèèjì padà. Àfikún àkókò ni wọ́n wà nígbà tí Luis Muriel fi gìgísẹ̀ ta bọ́ọ̀lù wọlé fún 3–2. Lójú ẹni tó bá wo gbogbo sáà náà, ibẹ̀ ni ọkàn ẹgbẹ́ yìí ti padà sípò. Muriel fúnra rẹ̀ kò dúró títí dé òpin, nítorí ó lọ sí Orlando City ní Amẹ́ríkà ní oṣù Èrèlé.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, Lookman lọ sí Ivory Coast pẹ̀lú Super Eagles fún ife ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ló gbá góòlù méjèèjì tí Nàìjíríà fi na Cameroon, òun náà ló gbá èyí tó lé Angola lọ sílé, kí Ivory Coast tó borí Nàìjíríà 2–1 ní àṣekágbá. Atalanta kò ṣubú nígbà tí kò sí nílé. Láti 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí 17 oṣù Èrèlé, wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì márùn-ún léraléra: Frosinone 5–0, Udinese 2–0, Lazio 3–1, Genoa 4–1, Sassuolo 3–0. Góòlù 17 sí 2 nìyẹn. Teun Koopmeiners, ará Netherlands, ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín pápá bí ẹni tó mọ ibi tí ó ń lọ kó tó kúrò nílé.

Lẹ́yìn náà ni ìnira dé. Inter, tó padà gba líìgì náà, nà wọ́n 4–0, Bologna sì wá gba àmì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn nílé wọn. Wọ́n lọ sí Napoli ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n sì na àwọn tó gba líìgì ní sáà tó ṣáájú 3–0. Cagliari tún nà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, wọn kò pàdánù nínú líìgì mọ́ títí tó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Lára èyí ni 2–1 tí wọ́n na Roma ní 12 oṣù Ẹ̀bìbí, tí De Ketelaere gbá méjèèjì, nítorí Roma gan-an ló ń lé wọn fún àyè Champions League, ìdíje ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ga jù lọ ní Yúróòpù.

Coppa Italia

Ìpele ẹlẹ́gbẹ́ 16 ni Atalanta ti wọlé. Wọ́n na Sassuolo 3–1, wọ́n sì lọ sí San Siro, pápá Milan, níbi tí Koopmeiners ti gbá góòlù méjì tó lé Milan jáde, 2–1. Fiorentina ni wọ́n bá pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. 1–0 ni Fiorentina fi borí ní Florence. Ní Bergamo, ní 24 oṣù Igbe, Koopmeiners dá a padà kíákíá, Fiorentina gbá tiwọn, Scamacca tún gbá òmíràn, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́ sínú àfikún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí Lookman àti Mario Pašalić tó gbá góòlù méjì lẹ́yìn 90 ìṣẹ́jú. 4–1 ló parí sí.

Ìdùnnú yẹn kò pẹ́. Wọn kò gbà kí Scamacca gbá àṣekágbá nítorí káàdì, Dušan Vlahović sì gbá góòlù fún Juventus ní ìṣẹ́jú kẹrin ní Róòmù ní 15 oṣù Ẹ̀bìbí. Bí wọ́n ṣe wá góòlù kiri tó, wọn kò rí i. Marten de Roon, balógun wọn láàárín pápá, fara pa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé kò ní sí ní àṣekágbá Europa League ní Dublin ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ìgbà kẹta rèé tí Gasperini pàdánù àṣekágbá yìí pẹ̀lú Atalanta.

Europa League

Ìsọ̀rí D ni wọ́n wà pẹ̀lú Sporting ti Portugal, Sturm Graz ti Austria àti Raków ti Poland. Wọ́n lọ na Sporting 2–1 ní Lisbon, wọ́n na Raków lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi àmì 14 ṣíwájú ìsọ̀rí náà láìpàdánù. Sporting yìí kan náà ni wọ́n tún bá pàdé ní ìpele ẹlẹ́gbẹ́ 16. Wọ́n ta ọ̀mì 1–1 ní Lisbon. Ní Bergamo, Sporting ló kọ́kọ́ gbá góòlù, Lookman àti Scamacca sì yí i padà sí 2–1.

Lẹ́yìn náà ni Liverpool. Ọdún tó kẹ́yìn Jürgen Klopp, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ni, Liverpool kò sì tíì pàdánù ní Anfield, pápá wọn, ní sáà náà. Ní 11 oṣù Igbe, Scamacca gbá méjì, Pašalić gbá ẹ̀kẹta, 3–0. Scamacca ti lo sáà kan ní England ṣáájú láìrí ojú rere, nítorí náà alẹ́ yẹn ní ìtumọ̀ púpọ̀ fún un. Mohamed Salah fi pẹ́nárítì gbá góòlù ní ìṣẹ́jú keje ní Bergamo, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló parí sí. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 tí Atalanta gbá nínú ìdíje yìí, èyí nìkan ni wọ́n pàdánù. Marseille ló kàn: 1–1 ní ilẹ̀ Faransé, 3–0 ní Bergamo ní 9 oṣù Ẹ̀bìbí, tí Lookman, Matteo Ruggeri àti Touré tó ti gba ìwòsàn gbá.

Àṣekágbá ní Dublin

Bayer Leverkusen ni wọ́n fẹ́ kojú ní 22 oṣù Ẹ̀bìbí. Xabi Alonso ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wọ́n sì ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìpàdánù ọ̀kan. Wọ́n ti gba líìgì Jámánì láìfìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Àṣà wọn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣíwájú wọn, wọn á dá a padà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Àwọn tó ń fọkàn sí Atalanta kò pọ̀ lóde Bergamo.

Ohun tí Gasperini ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tó ti ń kọ́ wọn fún ọdún mẹ́jọ. Adènà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn, olúkúlùkù agbábọ́ọ̀lù sì di mọ́ ẹni kan nínú àwọn ọ̀tá káàkiri pápá, bí òjìji ṣe ń tẹ̀ lé èèyàn. Ewu wà níbẹ̀, torí bí ẹnì kan bá já ẹnì kejì sílẹ̀, ọ̀nà ṣí sílé nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó já ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Leverkusen tó mọ bọ́ọ̀lù fún ara wọn bí ọmọ ilé kan kò rí àyè mí.

Ní ìṣẹ́jú 12, Davide Zappacosta gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín láti apá ọ̀tún. Exequiel Palacios rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, Lookman yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ta á wọlé. Ní ìṣẹ́jú 26, ó gba bọ́ọ̀lù, ó fi í gba àárín ẹsẹ̀ Granit Xhaka kọjá, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ láti ìta àyíká ilé lọ sí igun jíjìn. Lẹ́yìn ìsinmi, Alonso mú Victor Boniface wọlé, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́. Ìyẹn náà kò yí nǹkan padà. Ní ìṣẹ́jú 75, Scamacca gbé bọ́ọ̀lù sí Lookman, ó jó sọ́tùn-ún, ó jó sósì, ó fi ẹsẹ̀ òsì yìn ín lọ sókè àwọ̀n. 3–0.

Ṣáájú Lookman, kò sẹ́nì kankan tó ti gbá góòlù mẹ́ta nínú àṣekágbá ìdíje yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní Europa League. Nígbà tó ṣì ń jẹ́ UEFA Cup, Jupp Heynckes ṣe irú rẹ̀ fún Mönchengladbach ní 1975, ṣùgbọ́n ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ni wọ́n ń fi ṣe àṣekágbá nígbà yẹn. Láti 1999 tí Parma ti gba ife náà, kò sí ẹgbẹ́ Ítálì mìíràn tó gbà á àfi Atalanta yìí. Leverkusen gba ife ilẹ̀ wọn ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èyí tó fi hàn pé Dublin nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni ti nà wọ́n ní gbogbo sáà náà.

Ó wú ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lórí láti gbọ́ orúkọ Adémọ́lá lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ kan láti ẹnu àwọn tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí afẹ́fẹ́ káàkiri ayé. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, ní Marrakech, wọ́n fi Lookman jẹ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dára jù lọ fún ọdún náà.

Òpin sáà

Ní gbogbo ìdíje, Scamacca gbá góòlù 19, Lookman 17, Koopmeiners 15, De Ketelaere 14.

Líìgì ṣì ku méjì nígbà tí wọ́n ti Dublin dé. Wọ́n na Torino 3–0 ní 26 oṣù Ẹ̀bìbí, wọ́n fi àmì kan kọjá Bologna, wọ́n sì bọ́ sí ipò kẹrin. Ọjọ́ burúkú ni fún Roma. Ká ní ipò karùn-ún ni Atalanta parí sí lẹ́yìn tí wọ́n ti gba Europa League, Roma tó wà ní ipò kẹfà ìbá rí àyè wọ Champions League.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́ èyí tí wọ́n ti sún láti oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí Joe Barone, ọ̀gá àgbà Fiorentina, ṣàìsàn lójijì kó tó kú ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà. 2 oṣù Òkúdu ni wọ́n wá gbá a, ọjọ́ tó pé ọdún 61 géérégé tí Domenghini gbá góòlù mẹ́ta rẹ̀. Fiorentina borí 3–2. Èsì yẹn kò yí ipò Atalanta padà, ṣùgbọ́n orúnkún Giorgio Scalvini, ọ̀dọ́ adènà tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ẹgbẹ́ náà, já nínú rẹ̀, kò sì lè bá Ítálì lọ sí ife ilẹ̀ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lóṣù yẹn.