Wọ́n fẹ́ dín àmì atọ́nà kù nínú 6G: ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò ní burú sí i?

3GPP, àjọ tó ń ṣètò ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lágbàáyé, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí 6G, ìran nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò tẹ̀ lé 5G. Ara ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni bí wọ́n ṣe lè dín àmì atọ́nà kù, ọ̀rọ̀ náà sì lè rú èèyàn lójú.

Kí ni àmì atọ́nà?
Àmì tí máàsì (òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ń fi ránṣẹ́, tí fóònù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Bí fóònù bá ti mọ̀ ọ́n, kí ló tún ń gbà á fún?
Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ìgbì rédíò kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo dé ọ̀dọ̀ wa. Òmíràn á ta lára páànù, òmíràn á kọlu ògiri tàbí ọkọ̀ tó ń kọjá. Bí wọ́n bá pàdé nínú fóònù, wọ́n lè ti ara wọn lẹ́yìn, wọ́n sì lè pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ̀n ọlọ́jà péye á gbé ohun tó mọ ìwúwo rẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù ṣe mọ bó ṣe yẹ kí àmì náà rí, tó sì rí bó ṣe dé. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló fi ń tún dátà tó bá a rìn ṣe.

Kí ló dé tí iye àmì atọ́nà kì í dọ́gba?
Ọ̀nà ìgbì ẹni tó jókòó sí yàrá kì í tètè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn lè sáré tó 150 km ní wákàtí kan. Lórí ìgbì 3.5 GHz, tí wọ́n fi ń ṣe 5G ní Nàìjíríà, eré yẹn lè fi nǹkan bíi 486 Hz yẹ ìgbì kúrò lójú ibi tó wà (Hz ni iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ohun tí fóònù mọ̀ nípa ọ̀nà náà ti lè di àná. Nítorí náà ni 5G ṣe fàyè gbà á pé nínú ojú 14 tí wọ́n to dátà sí, àmì atọ́nà lè gba ẹyọ kan fún ẹni tó jókòó, kó sì tó mẹ́rin fún ẹni tó ń sáré. Àyè tí àmì bá gbà, dátà ò ní rí i lò, kò sì yẹ ká máa fi ṣòfò.

4G ńkọ́?
CRS, ìyẹn àmì atọ́nà tirẹ̀, kì í sinmi, kódà lóru tí kò sẹ́ni tó ń lo máàsì náà, iná sì ń lọ lásán. 5G yọ ọ́ kúrò. Ohun tó dáa gidi ni fún wa, torí dísù ni ọ̀pọ̀ máàsì wa ń mu.

Ṣé wọ́n lè fi àmì atọ́nà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa?
Rárá. Kò gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù?
Kí wọ́n má lọ dín in kù jù. Wọ́n ń dán ẹ̀rọ AI wò tí yóò máa fi òye sọ bí ọ̀nà ṣe rí níbi tí àmì kò sí. Bó bá jẹ́ ìlú onílùú nìkan ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó lè ṣi òye lórí òrùlé páànù àti ọjà wa. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ wa wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n tí wọ́n mú ní ìgboro wa sọ̀rọ̀.

Kí ni kí n ṣe báyìí?
Kò sí ohun tí ẹ máa tẹ̀ nínú fóònù, máàsì ló ń pinnu. Bí ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kún lókè fóònù, tí fídíò sì ń dúró nínú ọkọ̀, ẹ má yára ra káàdì SIM míì: agbára ìgbì ni ọ̀pá náà ń fi hàn yín, kì í ṣe bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe ń yí padà. Ẹ gba fídíò náà sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra.