“Ilé ò wọ́n lẹ́yìn ìlú”: ìṣirò tí ẹni tí kò ní ọmọ nílé máa ń gbàgbé n’Ìbàdàn

Ẹ sọ fún èèyàn pé ẹ fẹ́ kó wá sí Ìbàdàn, pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni, kò tíì sí ọmọ. Wọ́n á ní: “Ẹ lọ sí Ológunẹrú, tàbí Mọ́níyà, tàbí Àkóbọ̀ lọ́hùn-ún. Ilé ò wọ́n níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ìgboro ṣe?” Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Owó ilé sábà máa ń wálẹ̀ béèyàn bá ṣe ń jìnnà sí Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá. Ṣùgbọ́n owó ilé kọ́ ni gbogbo owó téèyàn fi ń gbélé.

Ọmọ ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ìlú wúlò: àgbàlá tí wọ́n á ti sáré, yàrá kẹta, ilé ìwé tó wà ní àdúgbò. Àgbàlagbà méjì tó ń jáde láàárọ̀ tí wọ́n ń wọlé lálẹ́ kì í lo ìkankan nínú wọn. Ọkọ̀ ni wọ́n ń lò.

Ká ní rúmù-àn-pálọ̀ nígboro jẹ́ ₦700,000 lọ́dún, tí irú rẹ̀ lẹ́yìn ìlú jẹ́ ₦400,000. Àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn, ₦300,000, bọ́ sí ₦25,000 lóṣù. Èèyàn méjì tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, àlọ àti àbọ̀, yóò rin ìrìn 88. Ẹ pín ₦25,000 sí 88, ó lé díẹ̀ ní ₦284. Bí owó ìrìn kan láti ẹ̀yìn ìlú bá fi ₦300 péré ju ti ìgboro lọ, èrè yín ti wọgbó.

Ó sì máa ń fi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọkọ̀ kan kọ́ ni. Ọ̀kadà láti ẹnu ilé dé títì, Micra (takisí kékeré tí èrò jọ ń wọ̀) dé gàréèjì, Micra mìíràn dé ibi iṣẹ́. Micra kì í sì í gbéra àfi tó bá kún. Bí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà á pe iye tó wù ú.

Ìgboro wo gan-an là ń sọ, ná? Ojú kan kọ́ ni iṣẹ́ wà n’Ìbàdàn. Sẹkitéríàtì wà l’Ágodi, Yunifásítì Ìbàdàn wà lọ́nà Ọjọ́ọ̀, ilé iṣẹ́ ńláńlá wà l’Ólúyọ̀lé. Ẹni tó ń fi rélùweè lọ sí Èkó, Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà láti ọdún 2021. Dùgbẹ̀ ló jìnnà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé náà lè gba ẹ̀yìn ìlú lọ láìwẹ̀yìn, bí iná bá wà.

Ọ̀rọ̀ iná náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Iléeṣẹ́ iná pín àwọn oníbàárà sí báǹdì gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tó yẹ kí wọ́n rí: Báǹdì A yẹ kó ní iná fún wákàtí 20, ó kéré tán, lójúmọ́, B 16, D jẹ́ 8. Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ló ń pinnu báǹdì, orúkọ àdúgbò kọ́, nítorí náà òpópónà méjì tó kọjú síra lè yàtọ̀. Ẹ ní kí aládùúgbò fi rìsíìtì iná tó rà kẹ́yìn hàn yín. Kẹ́ ẹ sì bi í pé ìgbà wo ni iná máa ń dé. Iná wákàtí mẹ́jọ tó ń dé láago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó ń lọ láago márùn-ún, ilé òfìfo ló ń tàn sí.

Omi: orí àpáta ni Ìbàdàn wà. Kànga ilé yìí lè kún kí ti ilé kejì gbẹ. Bẹ́ẹ bá lè ṣe é, oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún ni kẹ́ ẹ lọ wo ilé. Bí ike ìfami bá gbé ẹrẹ̀ bọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì náà bóyá ìlà ẹrẹ̀ tí àgbàrá fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, yálà nígboro ni tàbí lẹ́yìn ìlú. Àárín ìgboro ni odò Ògùnpa ti ya ní 1980.

Àṣìṣe níbí ń náni lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún àgírímẹ́ǹtì àti ìdá mẹ́wàá fún kọmíṣọ̀n. Lórí ilé ₦400,000, ₦80,000 nìyẹn, kì í sì í padà. Bẹ́ẹ bá kó lọ lẹ́yìn ọdún kan, ẹ óò tún san òmíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé pẹ̀lú bóyá owó ọdẹ àti owó tiransífọ́má ń bẹ nílẹ̀, torí ilé tí kò sẹ́ni ní ọ̀sán kò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí ọdẹ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ dúró sẹ́nu ilé náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, kí ẹnì kejì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ kọ owó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tún rin àbọ̀ rẹ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bá ti ń jà fún Micra.